Bàbá mi ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni Phi Theta Kappa. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Àdùkẹ́_Houston:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, ni mo ń lọ níbí ní Houston. Mò ń ṣe àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa ń béèrè kí èèyàn tó wọ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. GPA mi jẹ́ 3.8 nínú 4.0, ojú mi sì rí nǹkan kó tó débẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Aago méje àárọ̀ ni mo ń jáde, aago mẹ́sàn-án ni kíláàsì Anatomy. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń ka orúkọ eegun, níbi tí mo páàkì sí, kí n tó wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà méjì wọlé sórí ímeèlì mi. Phi Theta Kappa, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì wọn ga, ló kọ èkíní. Wọ́n ní máàkì mi ló jẹ́ kí àwọn pè mí, dọ́là 85 ni owó ìwọlé. Ẹgbẹ́ kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló kọ èkejì. Wọ́n ní àwọn ti yàn mí láàárín gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà, pé bí mi ò bá san dọ́là 95 láàárín wákàtí 48, àyè mi á bọ́.

Inú mi dùn, mo bá fi ti èkíní ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ṣakí. Ohùn wọn yí padà lójú ẹsẹ̀. "Àdùkẹ́, lẹ́tà Gíríìkì? Ẹgbẹ́ òkùnkùn lo fẹ́ wọ̀?" Wọn ò jágbe mọ́ mi o, ẹkún ni wọ́n ń sun. Nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà, lọ́sẹ̀ ìdánwò. Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù?

Ṣé òótọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí? Ṣé owó mi ò ní wọgbó? Kí ni mo sì máa sọ fún bàbá mi?

Ìyá_Ìbejì_Maryland:

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú orí ire. Ọ̀nà tí ò ń rìn yìí, èmi náà rìn ín. Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí mo wọ Phi Theta Kappa, ní community college kan níbí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú lẹ́tà kejì kúrò nílẹ̀. Má san kọ́bọ̀ fún wọn. Èmi san. Owó tí mo fẹ́ fi ra bàtà àwọn ìbejì ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan tó kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi. Wọ́n fi ìwé ẹ̀rí dídán kan ránṣẹ́. Nígbà tí mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé. Ẹgbẹ́ gidi kì í fi wákàtí 48 lé èèyàn kiri. Ó máa ní ẹ̀ka nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ, ó máa ní olùkọ́ tó ń bójú tó o, ìwọ náà á sì mọ yàrá olùkọ́ náà. Lọ wá olùkọ́ yẹn kí o tó mówó jáde.

Ní ti Phi Theta Kappa, Missouri ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1918, fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì bíi tìrẹ. Bí o bá fẹ́ kọjá sí yunifásítì, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹ̀bùn owó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Dọ́là 2,000 lọ́dọọdún ni èmi rí gbà, fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ̀wé béèrè, má jókòó máa retí.

Ó wá ku bàbá rẹ. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe àìmọ̀, ohun tí ojú wọn rí ni. Sọ ìtumọ̀ àwọn lẹ́tà yẹn fún wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì mẹ́ta ni: ọgbọ́n, ìlépa ohun gíga, ìwà mímọ́. Bí o bá sì di nọ́ọ̀sì, o lè bá Sigma Theta Tau, irú ẹgbẹ́ yìí ti àwọn nọ́ọ̀sì, pàdé níwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́fà ló dá a sílẹ̀ ní Indiana ní 1922. Ìfẹ́, ìgboyà àti ọlá ni tiwọn.

Ohun kan wà tó yẹ kí o tètè sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá wọlé, wọ́n tan àbẹ́là. Bí bàbá rẹ bá kàn rí fọ́tò yẹn láìmọ ìdí rẹ̀, àyà wọn á já. Gbọ̀ngàn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni a ti ṣe é o. Táyé àti Kẹ́hìndé mi jókòó ní ìlà iwájú, wọ́n ń jẹ bisikíìtì.

Délé_Ẹnjiníà:

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Àdùkẹ́, ẹ̀rí wà nínú ìtàn tó lè fi bàbá lọ́kàn balẹ̀. Phi Beta Kappa ni baba ńlá gbogbo àwọn ẹgbẹ́ onílẹ́tà Gíríìkì wọ̀nyí, College of William and Mary ní Virginia ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá 1776. Ẹgbẹ́ àṣírí ni lóòótọ́ nígbà náà, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń bọwọ́ kí ara wọn. Ṣùgbọ́n ní 1831 wọ́n tú àṣírí náà síta, láti ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti wà ní gbangba.

Èmi wọ Tau Beta Pi, ti àwọn ẹnjiníà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Lehigh ní 1885. Ìdá kan nínú mẹ́jọ tó wà lókè nínú àwọn ọlọ́dún kẹta ni wọ́n máa ń pè. Má sì da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti àwọn fraternity, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà. Lẹ́tà Gíríìkì nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Bàbá_Olùkọ́_Òkè-Ògùn:

Ọmọ mi, mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì mọ ohun tí bàbá rẹ ń sunkún lé lórí. Má fi ìwé tàbí ìtàn ránṣẹ́ sí wọn lásán. Jẹ́ kí wọ́n rí ojú ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tí wọn ò rí lọ́jọ́sí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń darí àwọn tó pa ọ̀rẹ́ wọn.

Àdùkẹ́_Houston:

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ̀yin Bàbá Olùkọ́, ohun tí ẹ wí gan-an ni mo ṣe. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní Biology ni alábòójútó ẹgbẹ́ náà, àṣé! Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà, a pe bàbá mi pẹ̀lú fídíò láti ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́, wọ́n béèrè bóyá ìbúra wà. Ó ka ẹ̀jẹ́ náà sí wọn létí látòkè délẹ̀, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ ti àbẹ́là náà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé òbí lè wò ó?"

Mo ti san dọ́là 85 náà. Aago méje alẹ́ ọjọ́ Jimọ̀ ni ayẹyẹ wa. Aago kan òru ni yóò jẹ́ ní Ṣakí. Wọ́n ní àwọn ò ní sùn.