Ihò ara láptọ́ọ̀pù kì í ṣe èbúté o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka ohun tí Alàgbà wa tó wà l'Ábẹ́òkúta kọ lórí bí àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ṣe ń yọ àwọn ihò àtijọ́ tí waya ń wọ̀ kúrò tí wọ́n wá ń fi USB-C, ihò kékeré ìgbàlódé yẹn, nìkan sílẹ̀, mo sì ka èsì tí ẹ̀yin yòókù kọ sábẹ́ ẹ̀, inú mi dùn pé Yorùbá lẹ fi sọ ọ́ látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n Alàgbà, "èbúté" tí ẹ ń pe àwọn ihò yẹn, ara mi ò gbà á rárá.

Èbúté ni ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, tí èrò ń sọ̀, tí wọ́n ń já ẹrù. Èwo ló ń gúnlẹ̀ sára láptọ́ọ̀pù níbẹ̀? Bí ihò bá jẹ́ èbúté, ẹnu ṣájà ńkọ́, ṣé òun ni ọkọ̀? Ẹ ní àwọn Faransé àti Sípéènì náà lo ọ̀rọ̀ èbúté tiwọn fún un. Ìyẹn kàn wọ́n. Òyìnbó tó ń pè é ní port gan-an, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lẹ́nu ló ní: ọ̀kan wá látinú portus, èbúté nìyẹn l'édè Látìn, èkejì wá látinú porta, ìyẹn ẹnubodè. Ti ẹnubodè lèyí tó wà lára ẹ̀rọ bá tan. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó lẹ tẹjú mọ́, ẹ ò wo ihò náà fúnra ẹ̀. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n jókòó ti nǹkan náà, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì, wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ ìwà ẹ̀.

Ojú ni Yorùbá ń pe ibi tí nǹkan ń gbà wọlé. Ṣé a ti gbàgbé ojú abẹ́rẹ́ ni? Bàbá mi tó tún rédíò ṣe ní Mọ́kọ́lá títí ọjọ́ ogbó, "ojú waya" ló máa ń wí, bó bá ti ní ojú ẹ̀ ti fẹ̀, oníbàárà ti mọ̀ pé waya ò ní dúró síbẹ̀ mọ́. Ẹ tún rántí ṣájà Nokia ayé ọjọ́sí, ẹlẹ́nu ńlá àti ẹlẹ́nu kékeré la fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé kó tó di ọ̀rọ̀. Ihò ni ojú, èyí tó ń wọnú ẹ̀ ni ẹnu. Ojú USB, ojú HDMI tí àwòrán ń gbà lọ sára tẹlifíṣọ̀n, ojú káàdì kámẹ́rà, ó tán.

Àbúrò wa tó wà ní Houston ní kí á máa pe láptọ́ọ̀pù aláìníhò ní "afọ́jú". Rárá o. "Fọ́" tó wà níbẹ̀ yẹn ni kó o wò dáadáa, ojú gbọ́dọ̀ ti wà kó tó fọ́. MacBook Pro, láptọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ Apple, tó jáde l'Oṣù Kẹwàá 2016, ojú USB-C méjì tàbí mẹ́rin pẹ̀lú ojú íápíìsì nìkan ni wọ́n dá mọ́ ọn, kò sí HDMI, kò sí ojú káàdì, kò sí USB àtijọ́ tó fẹ̀. Kò sí èyí tó fọ́ níbẹ̀. Aláìlójú-HDMI lo lè pè é bó bá wù ẹ́.

Mi ò ní kí wọ́n má ṣe nǹkan tuntun o. Ojú USB-C tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014 dáa, píìnì 24 ló wà nínú ẹ̀, kò ní òkè kò ní ìsàlẹ̀, iná, àwòrán àti fáìlì lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 1998 tí iMac, kọ̀ǹpútà Apple, jáde láìní ojú díìsìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ (floppy), aráyé pariwo, ta ló tún ń wá díìsìkì yẹn lónìí? Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, ẹnu àtijọ́ ló wà lára flash, lára máòsì, lára ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní kíláàsì. Apple yọ ojú kí ẹnu tó yí padà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Màmá wa tí í ṣe tíṣà l'Ọ́yọ̀ọ́ ti dùn mọ́ mi, tí wọ́n ní kí á pe adápútọ̀ àárín yẹn, èyí tó ń so ẹnu àtijọ́ pọ̀ mọ́ ojú tuntun, ní alárenà. Inú èdè ni Màmá ti mú un jáde! Ojú ti mọjú, alárenà yẹ̀bá, bí àwọn àgbà ṣe wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Apple tó ya ojú nípa sí ẹnu ló tún ń ta alárenà fún wa, kí ló máa mú un yẹ̀bá? Ariwo tó pọ̀ ló mú kí wọ́n dín owó àwọn alárenà yẹn kù fúngbà díẹ̀ l'Oṣù Kọkànlá 2016. Ó di Oṣù Kẹwàá 2021 kí HDMI, ojú káàdì àti MagSafe, ojú iná Apple tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì di ẹnu ṣájà mú, tó padà sára MacBook Pro, USB àtijọ́ ò sì padà.

Ẹnì kan tún sọ pé òfin ìjọba Yúróòpù ló pàṣẹ pé kí wọ́n yọ àwọn ojú àtijọ́. Irọ́ ni. Ohun tí òfin yẹn wí ni pé láti ọjọ́ 28 Oṣù Kẹrin 2026, láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba iná látojú USB-C. Kò ní kí wọ́n má fi ojú mìíràn sí i.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé ojú tuntun ọ̀hún gan-an, ìrísí kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀. O lè mú waya méjì, ẹnu wọn jọra bí ìbejì, ọ̀kan ń gbé 480 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì ń gbé 40 gígábíìtì, ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ jìnnà. Òmíràn, iná nìkan lójú ẹ̀ ń gbà, o ki tẹlifíṣọ̀n bọ̀ ọ́, àwòrán ò jáde. Ojú ò tíì mọjú níbẹ̀ o!

Ẹni tó sì ń tún àkọtọ́ ṣe fún Màmá pé "alárinà" ló tọ̀nà, torí pé "àárín" ló wà nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹ̀rí wá. Alárenà ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá ìyá mi, òun ló ṣe é fún ìdajì ìyàwó ilé wa, alárenà ni màá sì máa kọ.