Màmá kò lè gun jíìpù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọkọ̀ oníjókòó méje

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Iléṣà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Bàbá àwọn ọmọ ti ń tu owó ọkọ̀ jọ láti ọdún méjì sẹ́yìn, Ọlọ́run sì ti bá wa ṣe é. Mercedes GL 450 tòkunbọ̀ ló wà lọ́kàn wọn, wọ́n tún ń wo Lexus GX 460; jíìpù ni méjèèjì. Àwa méje la wà nílé: àwa méjèèjì, ọmọ mẹ́rin (ọdún 15, 10, 7 àti 4), àti ìyá ọkọ mi tó ti lé ní 70. Oṣooṣù la ń gbé Màmá lọ sí Ìbàdàn nítorí orúnkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wa yá wa ní jíìpù rẹ̀ kí gbogbo wa lè jọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ifẹ̀. Màmá gbé ẹsẹ̀, kò kan pátákó ìtẹsẹ̀. Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ìró wọn fẹ́ tú níwájú àwọn ọmọkùnrin tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ mi àti àkọ́bí mi ló fi ọwọ́ bọ̀ wọ́n lábíyá kí wọ́n tó wọlé. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọ́n ní, "Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ máa lọ, èmi á máa ṣọ́lé." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. A ò lè fi owó tó tó báyìí ra ọkọ̀ tí Màmá ò ní lè wọ̀. Èwo ni ká ṣe?

Olùkọ́ kan ní Ifẹ̀
Ẹ kú oríire, àǹtí. GX 460 ni mo ń lò, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin. Ìjókòó iwájú àti ti àárín tuni lára gan-an, kòtò ojú ọ̀nà ò sì ń já a láyà. Ṣùgbọ́n ìlà kẹta, ọmọdé ló wà fún. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga, orúnkún àgbàlagbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọmọ yín ọdún 10 àti ọdún 7 á gbádùn ibẹ̀, kì í ṣe àkọ́bí yín. Bí ìjókòó méjèèje bá wà ní òró, búùtù ò gbà ju Ghana-must-go kan àti kúlà lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sí bíi ilẹ̀kùn ilé. Bí ẹnìkan bá gbé ọkọ̀ dí yín lẹ́yìn ní Mayfair nílùú Ifẹ̀ níbí, gíláàsì òkè nìkan lẹ ó lè ṣí láti fi ẹrù sí i. Táǹkì rẹ̀ gba lítà 87, ẹ́ńjìnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) sì ni. Ó ń mu epo.

Mẹkáníìkì Lagere
Ìyá wa, ẹ̀yìn GL fẹ̀ ju ti GX lọ, àgbàlagbà lè jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ọdún 2006 ló jáde. GLS ni wọ́n ń pè é báyìí. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó tuni lára lójú ọ̀nà: kò lo sípíríngì irin, àpò rọ́bà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, pọ́ńpù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú wọn. Rọ́bà a máa gbó, a máa sán. Bó bá ti ń jò, pọ́ńpù á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí á fi jóná.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé kí oníbàárà mi tó sanwó. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ní alẹ́, ẹ fi tépù wọn àlàfo tó wà láàárín táyà kọ̀ọ̀kan àti ara ọkọ̀ lókè rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ tún un wọ̀n. Bí igun kan bá ti rì, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ń dúró dè yín nìyẹn. Ẹni tó bá kọ̀ kí ẹ fi ọkọ̀ sun ibẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Awakọ̀ Ifẹ̀ sí Ìbàdàn
Kí ló ṣe Sienna? Ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń rọ́ lọ sẹ́yìn, Màmá á kàn jókòó ni. Kòtò lè ha á níkùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ rò ó.

Nọ́ọ̀sì, Iléṣà
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé Màmá síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹ ronú ẹ̀ wò: kí ọmọ tó dé ìlà kẹta, ẹ ní láti ṣẹ́ ìjókòó àárín síwájú. Bí Màmá bá wà níbẹ̀, gbogbo ìgbà tọ́mọ bá fẹ́ sọ̀ ni wọ́n á máa dìde. Iwájú fẹ̀, ẹ lè tì í sẹ́yìn kí orúnkún ráyè nà, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n á sì sọ̀ sí.

Ẹ wá àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kí ẹnìkan fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ tó lágbára ni kó kọ́kọ́ gòkè. Bí wọ́n bá ń sọ̀, èyí tó ń dùn ni kó ṣáájú. Kí wọ́n kọ̀dí sí ìjókòó, kí wọ́n jókòó tán, kí wọ́n tó yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó kí ìró má bàa di aṣọ ìjókòó mú, kí ẹ yọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Iléṣà
Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ìjà Ọlọ́run. Olùkọ́ gbà wá láàyè lánàá, a gbé Màmá lọ sídìí GX wọn pẹ̀lú àpótí tí mo fi ń dirun fọ́mọ. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ń gbọ̀n. Ìgbà kejì, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n jókòó, wọ́n yípo, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe nínú jígí, wọ́n ní ká má tíì ṣí ilẹ̀kùn.

Bàbá àwọn ọmọ ò tíì gbọ́kàn kúrò lórí GL o. Èyí tí wọ́n rí wà ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ṣé ẹ máa ráyè Ọjọ́bọ̀, kí ẹ lè wọ̀n ọ́n lálẹ́, kí ẹ sì tún un wọ̀n láàárọ̀ Jímọ́ọ̀? A ó sanwó ọkọ̀ àti oúnjẹ yín.