Èsì "HLA-B*57" láìsí nọ́ńbà kejì: ṣé a lè fún aláìsàn ní abacavir?

Apòògùn_Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará láàbù. Èsì àyẹ̀wò HLA-B kan (jíìnì tó ń ran ara lọ́wọ́ láti dá àjèjì mọ̀) dé síwájú wa: "HLA-B*57: ó wà." Ibẹ̀ ló parí sí. Àgbàlagbà ni aláìsàn náà, Yorùbá ni tìyá tìbàbá. Kíndìnrín rẹ̀ kò gba tenofovir, ìdí nìyẹn tí dókítà fi fẹ́ lo abacavir àti lamivudine fún HIV rẹ̀. B*57:01 la mọ̀ sí ọ̀tá abacavir: ara ẹni tó ní in lè bínú sí oògùn náà gidigidi. Ṣé B*57 lásán tó láti fi oògùn dù ú? Kí ló dé tí nọ́ńbà ẹ̀yìn fi ṣe pàtàkì tó báyìí?

LáàbùJíìnì
Kò tó. Ẹ má tíì fún un, ẹ má sì tíì kọ ọ́ sí fáìlì pé kò gbọdọ̀ lò ó.

Nọ́ńbà iwájú ń sọ agbo tí jíìnì náà ti wá. Nọ́ńbà kejì ló ń sọ purotéènì fúnra rẹ̀. Ìkẹta àti ìkẹrin kì í yí purotéènì padà, ẹ fojú fò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà N bá wà níparí, purotéènì náà kì í jáde sójú sẹ́ẹ̀lì rárá. Bí ìwé àtijọ́ bá kọ B*5701, B*57:01 náà ni. Ọdún 2010 ni àmì àárín yẹn wọlé.

Iṣẹ́ HLA-B rèé: proteasome á gé purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́, TAP á kó àwọn ègé náà wọ inú ER (yàrá kan nínú sẹ́ẹ̀lì tí a ti ń to purotéènì), HLA-B á gbé èyí tó bá a mu sínú kòtò orí rẹ̀ (ásíìdì àmínò, ìyẹn ẹyọ tí a fi to purotéènì, 8 sí 10 ló sábà máa ń jẹ́), á sì gbé e jáde sójú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì T tó ní CD8, ọmọ ogun ara, á yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ti ara, á kọjá lọ. Bó bá jẹ́ àjèjì, á pa sẹ́ẹ̀lì tó gbé e.

Inú kòtò yẹn gan-an la ti yàtọ̀ síra. Ibi méjì péré ni B*57:01 àti B*57:03 ti yapa. Ní ipò ásíìdì àmínò 114, aspartate ni ti 57:01, asparagine ni ti 57:03. Ní ipò 116, serine ni ti 57:01, tyrosine ni ti 57:03. Serine kéré, ó fi àyè sílẹ̀ nídìí àpò F (ihò kékeré kan nínú kòtò náà), ibẹ̀ ni abacavir ń jókòó sí. Tyrosine tóbi, ó dí àyè náà pa. Bí oògùn bá ti jókòó síbẹ̀, àwọn ègé ara ẹni tí kòtò náà kì í gbà tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì T kò rí irú wọn rí, ló bá di ogun.

AwòẸ̀jẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, 57:03 ló wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 57:01 ṣọ̀wọ́n. Kí wọ́n kàn fún un.

LáàbùJíìnì
Ó ṣọ̀wọ́n, kò tán. Ẹni tí èsì rẹ̀ ti fi B*57 hàn kì í sì í ṣe ẹni tí a ń mú láàárín ọjà. Ó ti wà nínú agbo yẹn ná. Ẹ pe láàbù kí wọ́n ka exon 3 (apá kan nínú jíìnì náà), ibẹ̀ ni ipò 114 àti 116 wà. (57:03 wà lára àwọn tó ń bá HIV fà á dáadáa, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ká fi ìtọ́jú falẹ̀.)

Mọ́lẹ́kù_Èkó
Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò EDTA ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti heparin (méjèèjì ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), torí heparin máa ń dí PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀ fún àyẹ̀wò, lọ́wọ́. Nínú PCR, bí ìlà àkóso (èyí tó ń fi hàn pé àyẹ̀wò ṣiṣẹ́) kò bá jáde, èsì kọ́ nìyẹn. Àyẹ̀wò ló kùnà, ẹ tún un ṣe. Ẹni tó bá ti gba mùdùnmúdùn egungun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, HLA olùfúnni ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa gbé jáde.

Bó bá já sí 57:03, ẹ lè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́: ibà, ara sísú, èébì, ikọ́ tàbí èémí tí kò délẹ̀, pàápàá bí méjì bá pàdé. Bí a bá dá a dúró nítorí ìfura yìí, kò gbọdọ̀ padà sórí rẹ̀ mọ́, èsì yòówù kó ní. Ìlò ẹlẹ́ẹ̀kejì lè pa èèyàn láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ rántí pé abacavir wà nínú Kivexa àti Triumeq náà.

Apòògùn_Bódìjà
Ẹ ṣeun, mo ti ń pe láàbù. Bó bá wá já sí 57:01, àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

LáàbùJíìnì
HLA-B kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló ní, ìdajì ni ànfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà á, torí náà èsì ẹ̀gbọ́n kò ṣeé yá lò fún àbúrò. Ọmọ tó bá máa lo abacavir nínú wọn, ẹ yẹ tirẹ̀ wò. Bí gbígba ẹ̀jẹ̀ bá le, òwú tí a fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú náà tó.