Ẹ gbà mí o, èèyàn méjì ló di nọ́ńbà 117 mú nínú ráfù mi

Ìyá Aláǹkárá (Ìbàdàn)
Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, mo dẹ̀ ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, WooCommerce, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọmọ mi fi bá mi ṣe sáìtì. Mo ní kí n fi fìrísà kan ṣe ráfù, kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ká wá mú nọ́ńbà kan tó máa jẹ ẹ́, ká lè rí kọ́sítọ́mà tuntun, tíkẹ́ẹ̀tì 300, ₦1,000 ẹyọ kan. Bí mo ṣe ń gbé aṣọ sórí sáìtì náà ni mo ṣe gbé e síbẹ̀, mo kọ 300 síbi iye tó wà nílẹ̀, mo wá ní kí oníkálukú kọ nọ́ńbà tó wù ú síbi tí wọ́n ti máa ń kọ̀wé sí wa pé ká pe àwọn tá a bá dé géètì. Ẹ̀yin èèyàn mi, èèyàn méjì ló kọ 117! Owó ẹnì kan wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èkejì ní òun lòun kọ́kọ́ mú un, pé tíránsífà òun ló ń fà. Àwọn kan ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, ẹnì kan kọ "èyí tó bá ṣáà máa jẹ". Bírò ni mo wá ń fi tò wọ́n sínú ìwé iṣẹ́ àmúrelé ọmọ mi. Sáìtì ní mo ti ta 214, owó tó wà ní àkántì dẹ̀ jẹ́ ti 198. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Akin Kọ̀ǹpútà
Màámi, ẹ kú wàhálà o. Sáìtì yẹn mọ iye tó kù, kò mọ nọ́ńbà wo ló kù. Lójú tiẹ̀, bí ẹní kó kóńgò ìrẹsì 300 kalẹ̀ ni, ta ló ń bèèrè pé kóńgò wo lòun gbé. Tẹ́ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa ṣa nọ́ńbà fúnra wọn, àfi kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjà tiẹ̀, kẹ́ẹ fi iye tó wà nílẹ̀ sí 1, tẹ́nì kan bá ti rà á ó tán nìyẹn. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá. Kí ló kàn wọ́n nínú ká ṣa nọ́ńbà? Ẹ jẹ́ kówó wọlé ná kí nọ́ńbà tó jáde, plugin ráfù wà, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n ń fi kún sáìtì, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, á dẹ̀ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn.

Ti 16 tí ò bára mu yẹn, ẹ lọ wo àwọn ọ́dà tó wà ní On hold, ìyẹn àwọn tá a ṣì ń retí owó wọn. Ẹni tó bá yan tíránsífà báńkì, kíá ni WooCommerce ti yọ tiẹ̀ kúrò nílẹ̀, yálà ó san àbí kò san. Ìṣẹ́jú 60 tí wọ́n ní á fi fagi lé ọ́dà, Pending payment nìkan ló wà fún, ìyẹn ọ́dà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san tí wọn ò parí, kì í fọwọ́ kan On hold. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ cancel tẹni tí ò san, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ á padà sílẹ̀. Ẹ kúkú fi Paystack, àwọn tó ń báni gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ kó máa fìdí owó múlẹ̀ fúnra ẹ̀, 1.5% ni wọ́n ń yọ, ìyẹn ₦15 lórí ₦1,000, ₦100 tí wọ́n ń fi lé e ò kan owó tí ò tó ₦2,500.

Ẹ má dẹ̀ fi nọ́ńbà ọ́dà ṣe nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì o. Mo ṣe é rí, ó ń fò, 1042, 1047, 1051, làwọn èèyàn bá ní mo kó àwọn tó kù pamọ́ fún àwọn àbúrò mi. Fọ́tò tí mo gbé sórí sáìtì ló gba àwọn nọ́ńbà àárín yẹn o, olè kọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ṣé ẹ ti gbàwé àṣẹ ṣá, mà? Ráfù téèyàn ń sanwó wọ̀, lọ́tìrì ni lójú òfin. Nóvẹ́ńbà 2024 ni Supreme Court fagi lé National Lottery Act ti 2005, wọ́n ní ìpínlẹ̀ ló lọ̀rọ̀ lọ́tìrì. L'Ékòó níbí, LSLGA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí lọ́tìrì, là ń lọ bá. Tìbàdàn, ẹ bèèrè lọ́dọ̀ ìjọba Ọ̀yọ́ kẹ́ẹ tó ta èyí tó kù.

Ìyá Ìbejì Peckham
Ha, ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò sí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí o, ẹni tó ń tajà ò gbọ́dọ̀ ṣe irú ẹ̀ jèrè fún ara ẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ló ṣe tiwa, a fi orúkọ sílẹ̀ ní council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, £40, lọ́dọọdún £20. Ó kéré tán 20% owó náà gbọ́dọ̀ lọ síbi tá a tìtorí ẹ̀ dá a. Iye kan náà ni gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́, kò sí ra mẹ́ta gba ẹ̀kan ọ̀fẹ́, akọ̀wé wa ti kọ ọ́ sórí fláyà tán ká tó mọ̀. Nígbà tá a fẹ́ mú un, a ò lo kọ̀ǹpútà, a gé nọ́ńbà sí wẹ́wẹ́, a kó o sínú abọ́ àmàlà, a gbé fóònù ka iwájú ẹ̀ kí gbogbo WhatsApp máa wò ó. Bàbá kan ní ká tún ro ó. A ro ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ìyá Aláǹkárá (Ìbàdàn)
Ẹ ṣé gan-an ni. Lọ́tìrì kẹ̀! Mo rò pé báṣọ ni. Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí sáìtì, Mọ́ńdè mo ń lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agódì. Òótọ́ ni o Akin, gbogbo àwọn 16 yẹn wà ní On hold, mo ti pe mọ́kànlá, mẹ́fà ní àwọn kàn ń wò ó ni. Ẹni tálàáàtì ẹ̀ kọ́kọ́ wọlé ni mo fún ní 117. Èkejì gba 118, ó ní tí 117 bá fi lè jẹ, òun á wá sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù mi.