Ẹ̀yin tó ń kọ́ ọmọ ẹṣin ní Abẹ́òkúta, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Sábó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ẹṣin ti ń gba ẹ̀kọ́, etí àti ẹnu rẹ̀ ni kó máa wò.

Abo kan wà lọ́dọ̀ wa ní Sábó, pupa rúsúrúsú, òkè Ọya ni wọ́n ti mú un wá. Bàbá tó ni ín fẹ́ kó sá eré ìje, wọ́n sì tún fẹ́ gùn ún lọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún yẹn kan náà. Ẹni tó tà á fún wọn ní ó ti pé ọmọ ọdún 4. Mo la ẹnu ẹṣin wò. Eyín iwájú méjì tó wà láàárín ti pààrọ̀, lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ṣì jẹ́ eyín ọmú, kéékèèké, funfun báláú. Eyín àárín yẹn máa ń yọ ní nǹkan bí ọdún 2 àbọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ní ọdún 3 àbọ̀, tó kángun ní ọdún 4 àbọ̀. Ọdún 4 wo la wá ń sọ? Ẹnu ẹṣin kì í purọ́, ẹnu ẹni tó ń tà á ni ká máa ṣọ́.

Bàbá ní ṣebí àwọn òyìnbó ń fi ọmọ ọdún 2 sáré. Òótọ́ ni. Kentucky Derby, eré ìje ẹṣin ní Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń pariwo, ọmọ ọdún 3 nìkan ló ń sá a. Mo ní, “Bàbá, àwọn tó ń gun tiwọn ò wúwo, ẹ̀yin ńkọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Egungun ẹsẹ̀ ẹṣin máa ń gbó ṣáájú ti ẹ̀yìn. Orúnkún iwájú lè gbó tán ní nǹkan bí ọdún 2 àbọ̀, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn tí gàárì ń jókòó lé lè kọjá ọdún 5 kó tó gbó. Ibẹ̀ la sì fẹ́ gbé agbádá àti ẹni tó wọ̀ ọ́ lé.

Okùn la fi bẹ̀rẹ̀, gàárì ò tí ì yọjú. Mo fà á díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ta kú. Mi ò fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì dẹ̀ ẹ́. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ iwájú kan péré, mo dẹ okùn lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ yẹn. Ìgbà tí okùn bá dẹ̀ ni ẹṣin ń mọ̀ pé ohun tóun ṣe yìí ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó bá ṣì ń fà á lẹ́yìn tó ti gbọ́ràn, oríkunkun ló ń kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó rẹ orí sílẹ̀, ó ń pọ́n ètè lá, ẹnu rẹ̀ ń lọ bí ti àgbàlagbà tó ní orógbó lẹ́nu. Mo ní ó tó, ẹ fún un lómi. A ò tí ì lo ìṣẹ́jú 20.

Ìlù ló wá le jù. Ojúde Ọba kì í ṣe ibi jẹ́jẹ́: dùndún, ìbọn, agboòrùn, ènìyàn bí eṣú. A ní kí ọmọ onílù àdúgbò dúró sí ìkángun pápá, kó máa lù ú. Bí ẹṣin bá fẹ́ sá, a ò ní dì í mú pinpin, a ó jẹ́ kó rìn yípo. Bó bá dúró tí etí rẹ̀ rọ̀, onílù á dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló fi ń súnmọ́. Ẹ má gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì o, nítorí ohun tí ojú òsì ti mọ̀, ojú ọ̀tún lè ṣì máa sá fún un. Ẹ má sì gba ẹ̀yìn yọ sí i. Kì í rí ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Apá èjìká ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ bọ̀.

Kò lọ Ojúde Ọba lọ́dún náà. Bàbá fajú ro, wọ́n yá ẹṣin mìíràn.

Ará Aṣérò

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹṣin pólò, eré tí wọ́n ti ń gun ẹṣin fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, lèmi tọ́jú ní Ìbàdàn. Ọ̀pá pólò la kọ́kọ́ máa ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹṣin bó ṣe ń rìn lọ jẹ́jẹ́, láìsí bọ́ọ̀lù rárá, títí tí kò fi ní kà á sí mọ́.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un: bí ẹṣin bá ń rù tí kò fẹ́ rìn, ẹ má pè é lọ́lẹ. Eṣinṣin tsetse wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí, àìsàn tó ń gbé kiri kò jẹ́ kí ẹṣin àwọn ará Ọ̀yọ́ pẹ́ nínú igbó láyé àtijọ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹranko ní yunifásítì Aláàbàtà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Àǹtí Lafẹnwá

Ẹ jọ̀ọ́, hóònù tírélà ńkọ́? Tèmi já okùn lọ́jọ́ ọjà, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọlọ́kadà.

Ọmọ Sábó

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ má dá a mú lọ sí títì mọ́. Ẹ fi àgbà ẹṣin tí ara rẹ̀ balẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, òun náà ló sì ń wò dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa jẹko níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lókèèrè ná, kẹ́ ẹ tó sún wọn mọ́ títì. Akọ àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa tí hóònù ò lè mì. Ẹ wá yá a, ẹ ṣáà mú ọkà bàbà rẹ̀ dání.