Àbúrò mi AS, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ AS: báwo ni kí n ṣe bá Màmá sọ ọ́?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣágámù ni mo ti ń kọ̀wé. Oṣù tó ń bọ̀ ni mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ àbúrò mi obìnrin, àfi bí èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ṣe dé: AS làwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé ara wọn le, àmọ́ wọ́n lè bí ọmọ tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell.

Mo ṣàlàyé fún Màmá pé oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn náà gan-an. Ewùrà ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ń rin lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló ń ṣírò fún Ọlọ́run?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Onígbàgbọ́ lèmi náà. Àlùfáà Àgùdà sì ni Mendel tó gbin ewéko píìsì títí tó fi rí òfin ìṣirò yìí, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866. Mo sọ ìyẹn náà. Wọ́n ní àwa kì í ṣe Àgùdà.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti bá òbí sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tí kò dà bí àìgbàgbọ́? Ẹ̀yin AS méjì tẹ́ ẹ fẹ́ra, ṣé ẹ ṣàyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ọmọ nígbà tó ṣì wà nínú oyún? Ẹ má kàn kọ "àmín" o.