Màlúù mi ń jẹun àmọ́ ńṣe ló ń rù, ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe?

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Mo ń sin màlúù díẹ̀ lóko mi lápá Ìsẹ́yìn, àwọn funfun tí Fúlàní ń dà yẹn ni gbogbo wọn, abo kan wà nínú wọn tó ti lóyún bí oṣù mẹ́fà, òun ló ń dà mí láàmú. Kì í ṣe pé kò jẹun o, kódà tí mo bá da èèpo pákí sílẹ̀ òun ló ń kọ́kọ́ débẹ̀, àmọ́ ńṣe ló ń rù, eegun ìhà ẹ̀ ṣeé kà báyìí, irun ara ẹ̀ dúró ṣánṣán kò dán mọ́, omi ń dà lójú ẹ̀, tí wọ́n bá sì ń lọ jẹko òun ló máa ń gbẹ̀yìn. Ara ẹ̀ á gbóná lónìí, á tutù lọ́la. Ọmọ Bororo tó ń bá mi dà wọ́n ní sámórè ni, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin ń gbé kiri, pé kí n lọ ra Berenil, oògùn abẹ́rẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ẹran ní aràn ni. Bàbá kan ládùúgbò ní kí n tètè pe alápatà kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ báyìí? Ibi tí wọ́n ti ń mumi, odò kékeré kan ni, igbó wà létí ẹ̀, àkùrọ̀ sì ni apá kejì.

Ìyá Oníwàrà: Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn. Ẹ po kán-ún àti iyọ̀ mọ́ omi ẹ̀, tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ara ẹ̀ sì mókun.

Ọmọ Gáà: Mummy, iyọ̀ dáa o, màlúù nílò ẹ̀, àmọ́ kán-ún ò lè pa ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ Bororo yẹn lè má jẹ̀bi, omijé àti kó jẹun kó máa rù, sámórè gan-an ló ń ṣe báyẹn lọ́dọ̀ tiwa.

Alápatà n'Ìbàdàn: Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Màlúù tó ń rù, ojoojúmọ́ lowó ń jáde lára ẹ̀. Ẹ wá sí inbox mi, a ó sọ̀rọ̀.

Dókítà Ẹran: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì tíì tà á. Ẹ lọ sídìí ẹ̀ ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹnì kan bá yín di orí ẹ̀ mú, kí ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀. Àwọ̀ wo lẹ rí nínú ẹ̀? Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ wá iwájú èjìká ẹ̀ bóyá nǹkan wú níbẹ̀, ẹ tẹ abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ náà wò. Ìtọ̀ ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó pupa? Eégbọn ńkọ́?

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn: Dókítà ẹ ṣé gan-an. Mo fa ojú ẹ̀ wálẹ̀, ó funfun ni, kò sí pupa kankan níbẹ̀, mo wá fa ti èkejì ẹ̀ tí ara ẹ̀ le wò, tìyẹn pọ́n dáadáa. Kókó kan wà níwájú èjìká, tí mo bá tì í á yẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ wú díẹ̀, ó rọ̀ bíi pé omi wà nínú ẹ̀, mo fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ wọnú kò sì tètè padà. Ìtọ̀ ẹ̀ ò pupa. Eégbọn ò ju péréte lọ, abẹ́ ìrù ni wọ́n wà.

Dókítà Ẹran: Ó dáa. Ojú funfun túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ẹ̀. Ká ní ìtọ̀ ẹ̀ pupa ni, ǹ bá kọ́kọ́ fura sí ibà eégbọn. Kókó èjìká àti omijé jọ sámórè, ìyẹn àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, igbó etí odò sì nilé ẹ̀. Àmọ́ abẹ́ àgbọ̀n tó wú yẹn ò jẹ́ kí ń lè bá ọmọ Bororo fọwọ́ sí i tán, torí aràn pẹlẹbẹ tó ń gbénú ẹ̀dọ̀ náà máa ń fa á, ara ìgbín kéékèèké inú àkùrọ̀ ló sì ti ń wá. Méjèèjì lè wà lára ẹran kan ṣoṣo. Ẹ pe dókítà ẹran ìjọba àdúgbò yín kó fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí aláwọ̀ àlùkò, ẹ gbé e sínú fláásìkì tó ní áìsì, ẹ fi nǹkan wé e kó má dì, kẹ́ ẹ sì bu ìgbẹ́ ẹ̀ tútù sínú ọ̀rá. Ilé ìwòsàn ẹran yunifásítì Ìbàdàn lè yẹ̀ ẹ́ wò, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, náà lè ṣe é.

Alápatà n'Ìbàdàn: Owó ọkọ̀, owó tẹ́ẹ̀sì, owó oògùn, ṣé ẹ ti ṣírò ẹ̀?

Ìyá Oníwàrà: Ìwọ alápatà yìí, aboyún ni wọ́n pè é o! Oyún oṣù mẹ́fà, èyí tó kù ò tó mẹ́rin mọ́, o fẹ́ pa ìyá pa ọmọ torí ẹran kílò díẹ̀. Ẹran tó rù báyẹn náà, èló lo fẹ́ rà á gan-an?

Alápatà n'Ìbàdàn: Ẹ má bínú màmá, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe.

Ọmọ Kwárà: Èmi ò mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń sin àwọn funfun yìí nínú igbó. Màlúù ìbílẹ̀ wa bíi Kétékù ni kẹ́ ẹ máa sìn, tàbí mútúrù, eṣinṣin yẹn lè jẹ wọ́n títí, ara wọn ń bá a fà á.

Ọmọ Gáà: Òótọ́ ni àmọ́ Kétékù kéré, wàrà ẹ̀ náà ò tó nǹkan, ẹni tó bá fẹ́ tà á níléyá kò ní rówó gidi. Kálukú pẹ̀lú ohun tó ń wá.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn: Èsì ti dé o. Wọ́n ní PCV ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe tó, jẹ́ 17, wọ́n rí kòkòrò sámórè nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní vivax, wọ́n tún rí ẹyin aràn ẹ̀dọ̀ nínú ìgbẹ́. Àbí ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì ló jàre! Mo fẹ́ ra Berenil báyìí, ẹni tó ń tà á ní sàṣẹ́ẹ̀tì kan tó fún màlúù mẹ́ta.

Dókítà Ẹran: Ẹ̀gbọ́n ẹ má gbọ́ tiẹ̀ o. Ibi tí oògùn yẹn ti ń bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn, wọ́n á fún un ní ìwọ̀n tí ò tó, èyí tó lágbára nínú kòkòrò náà á ṣẹ́ kù, ó di kí oògùn má ràn án mọ́. 24 ló yẹ kí PCV wà sókè, torí náà 17 ti kéré jù, ẹran yín ò gbọ́dọ̀ rìn jìnnà, ẹ máa já koríko wá bá a nílé. Sàṣẹ́ẹ̀tì 2.36g yẹn, ẹ pò ó mọ́ omi 12.5ml, ó tó màlúù kan ṣoṣo tó wọn 300kg. Ẹ máa wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú dá a. Ẹ mú téèpù aránṣọ, ojú sẹ̀ǹtímítà ni kẹ́ ẹ lò, ẹ wọn yíká àyà ẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ wọn gígùn láti èjìká dé egungun ìdí. Iye yíká àyà yẹn, ẹ fi í sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi 10,840 pín in. Tí yíká bá jẹ́ 150, tí gígùn jẹ́ 125, kò ní jìnnà sí 260kg. Inú ẹran ara ló ń wọ̀ dáadáa, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà tó fa ẹ̀jẹ̀ náà gún un. Fún ti aràn ẹ̀dọ̀, ẹ sọ fún un pé ó lóyún kó tó yan oògùn, albendazole ò dáa fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyún, tiyín ti kọjá ibẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ ṣáà sọ ọ́. Alápatà o, ẹran tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́nikẹ́ni tó jẹ ẹ́, ẹ wo ohun tó wà lára páálí.

Ìyá Oníwàrà: Dókítà, àwọn tó kù tó ń mumi níbẹ̀ ńkọ́?

Dókítà Ẹran: Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà wò màmá, kí wọ́n má kàn gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ isometamidium, ó lè dáàbò bò wọ́n fún oṣù méjì sí mẹ́rin, àmọ́ ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Kí wọ́n sì gbé omi wá sínú ọpọ́n lókè, kúrò ní àkùrọ̀ yẹn.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn: Wọ́n ti gún un lónìí, ó ju ẹsẹ̀ díẹ̀ àmọ́ ó ń jẹun. Mo ti ra jọ́ọ̀gì omi. Ọmọ Bororo ní aṣọ búlúù ń mú eṣinṣin yẹn, ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Gáà: Òótọ́ ni. Búlúù àti dúdú, ẹ rán an pọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú oògùn deltamethrin, ẹ fi igi nà án sétí odò níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, kí ẹ gé koríko ìdí ẹ̀ kí eṣinṣin lè rí i láti òkèèrè, òjò tó bá rọ̀ gan-an ẹ tún un rẹ.